Iye Ọkọ̀ Tí Ọ̀nà Lè Gbà Ni Kí Ẹ Bi Wá

Nínú ìpàdé tí a máa ń bá àwọn ará ìlú ṣe ní àríwá Kalifọ́níà lórí bí wọn yóò ṣe sá fún iná igbó, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi àwa oníṣirò ìrìnnà: ọ̀nà wo ló yá jù? Ọ̀nà tí ẹ rò pé ó yá jù, gbogbo aládùúgbò yín ló mọ̀ ọ́n, orí rẹ̀ sì ni gbogbo yín yóò há sí.

Ibi tó fún jù láàárín ìlú àti ibi tí iná kò lè dé ni ìṣirò wa kọ́kọ́ ń wá. Ford àti Fulkerson, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti ọdún 1956 pé ohun tó lè gba inú àwọn ọ̀nà kọjá kò lè ju ohun tí ibẹ̀ lè gbà lọ. Ẹ jẹ́ ká ní ilé 4,500 wà nílùú kan, tí ilé kọ̀ọ̀kan gbé ọkọ̀ méjì jáde nítorí pé wọn kò fẹ́ kí èkejì jóná. Bí ìlà ọ̀nà méjì péré bá jáde nílùú, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń gba ọkọ̀ 1,000 ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni ẹni ìkẹyìn yóò tó jáde. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbé, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15 ni.

Àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ oríta, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wa ti ń hàn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó fẹ́ yà sápá òsì lè dá àwọn tó ń bọ̀ níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀ dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń ti àwọn oríta kan pa, tí a sì ń sọ ọ́ di dandan pé ọ̀tún nìkan ni àdúgbò kan yóò yà sí, bí ìrìn wọn tilẹ̀ gùn sí i. Ọlọ́pàá tó bá ní kí ẹ gba ọ̀nà jíjìn kò ya wèrè. Ìṣirò ló rán an.

Àwọn kan wà tó ń ta àwòrán ìlú aláwọ̀ mèremère fún ìjọba ìbílẹ̀, tí wọn kò ka ìlà ọ̀nà kankan rí. N kò yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń búra pé iná kò lè fo àfonífojì odò. Ní ìlú Paradise, ní àríwá Kalifọ́níà níbí, àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́, títí di ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2018 tí ẹ̀fúùfù gbé ẹ̀yinná fo àfonífojì náà wọlé. Ìlú tó ní nǹkan bí èèyàn 26,000 yìí kò ṣàìní ètò: wọ́n ti pín in sí agbègbè 14, kí àwọn kan lè máa jáde tẹ̀ lé àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n iná ṣẹ́ yọ níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn sì bọ́ sọ́nà pọ̀. Skyway, òpópónà wọn pàtàkì, ni wọ́n ti dín kù láti ìlà mẹ́rin sí méjì láàárín ìlú lọ́dún mélòó kan ṣáájú, nítorí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Lọ́jọ́ iná náà, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà àjáde nìkan, síbẹ̀ àwọn kan já ọkọ̀ wọn jù sílẹ̀, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ sá nínú èéfín. Èèyàn 85 ló kú. Àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, púpọ̀ kò sì kúrò nílé rárá.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ ka iye ọkọ̀ ilé yín, kí ẹ sì kọ iye aládùúgbò tí kò lè wakọ̀ sílẹ̀. Iye méjèèjì ni ìṣirò wa ń retí.