Quattro, àti àwọn ọ̀nà tó kọ̀ fún un

Bí ọ̀rọ̀ fọ́wíìlì bá délẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn ìdíje ọkọ̀, Audi, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ṣe ọkọ̀ Quattro, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Audi kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Spyker, ilé iṣẹ́ kan ní Netherlands, ti kọ́ ọkọ̀ ìdíje tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 1903. Bugatti ṣe tirẹ̀ ní 1932. Ní 1961, òjò rọ̀ sí ojú ọ̀nà ìdíje Oulton Park nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awakọ̀ Stirling Moss sì fi Ferguson P99, ọkọ̀ fọ́wíìlì, na gbogbo wọn níbẹ̀. Títí dòní, kò tíì sí ọkọ̀ fọ́wíìlì mìíràn tó borí nínú eré Formula 1. Ní 1969, Lotus, Matra àti McLaren tún gbìyànjú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ já sí pàbó. Àwọn ọkọ̀ náà wúwo, àsìkò yẹn gan-an ni ìyẹ́, pátákó tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, àti táyà fẹ̀ǹfẹ̀ sì wọ inú eré náà. Ọjà tí fọ́wíìlì gbé wá, ìyẹ́ ń tà á ní ẹ̀dínwó.

Ẹ jẹ́ ká wo táyà kan ṣoṣo ná. Ó ní ìwọ̀n tó lè di ilẹ̀ mú mọ. Inú ìwọ̀n yẹn ló ti máa yọ èyí tó fi ń gbé ọkọ̀ síwájú, ibẹ̀ náà ló ti máa yọ èyí tó fi ń ya kọ́nà. Lára ọkọ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń tì í, yíyà nìkan ni iṣẹ́ táyà iwájú nígbà tí awakọ̀ bá tẹná, ìdí nìyẹn tí imú rẹ̀ fi máa ń gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá tẹná jù, ìdí ọkọ̀ á yọ̀, á fẹ́ gba iwájú mọ́ imú lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á lo ìyọ̀ yẹn: á jẹ́ kí ìdí ṣí díẹ̀, á yí sítiárì sí òdìkejì, á sì máa fi iná darí rẹ̀ títí ọkọ̀ á fi jáde. Fọ́wíìlì ní tirẹ̀ pín iṣẹ́ náà sí ẹsẹ̀ mẹ́rin, awakọ̀ lè tẹná kí kọ́nà tó tán, ilẹ̀ ì báà jẹ́ ẹrẹ̀, ì báà jẹ́ yìnyín. Àmọ́ táyà iwájú ti di oníṣẹ́ méjì nìyẹn, imú á sì fẹ́ máa lọ tààrà nígbà tó yẹ kó yà.

Ìgbà òtútù 1977 ni ìtàn Audi bẹ̀rẹ̀, ní Finland, níbi tí àwọn ẹnjiníà wọn ti ń dán ọkọ̀ wò lórí yìnyín. Wọ́n mú Iltis dání, ọkọ̀ ológun fọ́wíìlì tí Volkswagen ṣe. Agbára ẹṣin 75 péré ló ní, síbẹ̀ ó ń fi àwọn ọkọ̀ Audi tó lágbára jù ú lọ sílẹ̀ nínú yìnyín. Jörg Bensinger rí i, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ferdinand Piëch, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ náà. Ní oṣù kìíní 1978, wọ́n gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe gun òkè Turracher Höhe ní Austria. Táyà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọn ò so ṣéènì mọ́ ọn, ó sì gòkè náà.

Lójú tèmi, ibi tí ọgbọ́n wọn wà gan-an ni ọ̀pá kan nínú gíabọ́ọ̀sì. Fọ́wíìlì ayé àtijọ́ máa ń nílò àpótí ẹ̀rọ mìíràn tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn, àpótí yẹn sì wúwo. Àwọn ẹnjiníà Audi sọ ọ̀pá inú gíabọ́ọ̀sì di oníhò: agbára ń gba ara ọ̀pá lọ sẹ́yìn, ọ̀pá tínrín mìíràn sì ń gba inú ihò náà gbé ìpín iwájú padà. Bí àpótí ṣe di ohun tí a kò nílò mọ́ nìyẹn. Ọkọ̀ náà jáde ní Geneva ní oṣù kẹta 1980, wọ́n pè é ní Quattro.

Rálì ni wọ́n gbé e lọ, eré tí ọkọ̀ ti máa ń gbéra níkọ̀ọ̀kan. Ní rálì Monte Carlo 1981, Hannu Mikkola, awakọ̀ Audi, lé Lancia Stratos kan tó ti gbéra ṣáájú rẹ̀ bá lójú yìnyín, ó sì kọjá rẹ̀. Kò parí eré yẹn, ṣùgbọ́n òun ló gba Sweden lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Michèle Mouton, tí òun náà ń wa Audi, gba Sanremo, obìnrin àkọ́kọ́ tó borí nínú rálì àgbáyé. Ní 1982 ó gba Portugal, Greece àti Brazil, ó sì dé Côte d'Ivoire pẹ̀lú Walter Röhrl nìkan níwájú rẹ̀ nínú máàkì. Opel Ascona 400 ni Röhrl ń wà, ẹ̀yìn ló ń ti ìyẹn. Bàbá Mouton kú lọ́jọ́ tí eré máa bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó wọkọ̀. Ó fi ohun tó ju wákàtí kan lọ ṣáájú kí gíabọ́ọ̀sì tó dà á láàmú, lẹ́yìn náà ó fi ọkọ̀ gbá igbó. Röhrl gba eré, ó sì gba ife ẹ̀yẹ awakọ̀.

Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo èèyàn túúbá lọ́jọ́ tí Quattro dé. Ẹ wo 1983. Rálì 12 ló wà lọ́dún náà. Audi gba márùn-ún. Lancia 037, tí ẹ̀yìn ń tì, gba márùn-ún, òun náà ló sì gba ife ilé iṣẹ́. Méjì tó kù, Safari ní Kenya àti Côte d'Ivoire, Opel àti Toyota ló pín in, ẹ̀yìn ló sì ń ti àwọn méjèèjì. Nílẹ̀ Áfíríkà, ọ̀nà jìn, ooru mú, kòtò ò lóǹkà, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́ ló ń jẹ. Kí lèèyàn fẹ́ fi jíjáde kíákíá nínú kọ́nà ṣe bí gíabọ́ọ̀sì bá ti fọ́? Toyota Celica gba Safari ní 1984, 1985 àti 1986. Ọ̀gá tó ń darí ikọ̀ Toyota yẹn, Ove Andersson, ti fi Peugeot 504 gba Safari ní 1975. Bẹ́ẹ̀ ni, 504 tiwa yìí, èyí tí wọ́n ń tò ní Kaduna nígbà kan. Ọkùnrin yẹn mọ ohun tí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ń fẹ́.

Audi fúnra rẹ̀ ní àléébù: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yọ síwájú táyà iwájú, imú rẹ̀ wúwo. Stig Blomqvist, tó gba ife awakọ̀ ní 1984, máa ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ bíréèkì kí imú náà tó lè yà. Peugeot wo ìyẹn, ó gbé ẹ́ńjìnnì 205 Turbo 16 sẹ́yìn awakọ̀, ó sì gba ife ilé iṣẹ́ ní 1985 àti 1986. Ikú Henri Toivonen, awakọ̀ Lancia, àti Sergio Cresto tó jókòó tì í, ní rálì Corsica ní 1986 ló fòpin sí irú àwọn ọkọ̀ alágbára bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Mikkola fi Audi 200 gba Safari, ìgbà àkọ́kọ́ tí fọ́wíìlì máa gbà á. Ọdún náà ni Bernard Béguin fi BMW M3, tí ẹ̀yìn ń tì, gba Corsica, lójú títì ọlọ́dà tó gbẹ. Ní 1988, Alain Ambrosino fi Nissan 200SX, tí ẹ̀yìn ń ti òun náà, gba Côte d'Ivoire. Láti ìgbà yẹn, ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì kò tíì gba rálì àgbáyé kankan mọ́.