Ohun Tó Ń Lẹ Fọ́tò Mọ́ Gíláàsì Lára Ògiri Ilé Èkó

Ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó ló ní ògiri ìrántí ní pálọ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó bàbá àti màmá ni, tàbí ti ìyá àgbà tó jókòó tòun ti ìpèlé léjìká, akẹtẹ̀ Ẹ̀yọ̀, ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́wàá. Èwo ló máa wà lókè, èwo ló máa wà nísàlẹ̀, onílé ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ìṣó náà kò le: ìṣó kọnkéré ló ń wọ búlọ́ọ̀kù, ìṣó pákó á kàn tẹ̀ ni. Ohun tó gba àlàyé ni bí fọ́tò tí wọ́n fi gíláàsì bò nítorí kó má bàa bàjẹ́ ṣe ń bàjẹ́ lábẹ́ gíláàsì ọ̀hún gan-an.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí gíláàsì bá ṣe le mọ́ fọ́tò tó ni ààbò rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Oníbàárà á ní kí onífírémù fún un pinpin, kó fi tẹ́ẹ̀pù dí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n sì ti ba àwòrán jẹ́ nìyẹn.

Fọ́tò kì í ṣe bébà lásán. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lójú bébà náà, inú awọ yẹn ni àwòrán wà. Jẹ́látìn ni wọ́n ń pè é. Dókítà ará Ìlú Ọba kan, Richard Leach Maddox, ló kọ́kọ́ kéde ọgbọ́n fífi jẹ́látìn ya fọ́tò sórí gíláàsì gbígbẹ lọ́dún 1871, nígbà tó sì yá, orí bébà náà gbà á. Títí dòní, jẹ́látìn ṣì wà lójú fọ́tò aláwọ̀ tí wọ́n ń fọ̀ ní ilé ìfọfọ́tò. Awọ àti eegun ẹran ni wọ́n ń sè kó tó jáde. Ẹni tó bá ti se ẹsẹ̀ màlúù rí ti mọ ìwà rẹ̀. Omi ẹran náà á ki, bó bá tutù á dì, bó bá kan ọwọ́, ìka á máa lẹ̀ mọ́ ìka. Tó bá wá gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò, fífà kò ràn án, àfi kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi. Bí wọ́n bá da omi sí i, á tún rọ̀, á tún di àtè.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára ògiri nìyẹn, àmọ́ kò sí ẹni tó da omi sí i. Afẹ́fẹ́ Èkó ló ń gbé omi náà wá. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú 100, jẹ́látìn á bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún, á wú díẹ̀, á rọ̀. Ibi tí ojú rẹ̀ bá ti kan gíláàsì, ibẹ̀ ló máa dì mọ́. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tàbí tí oòrùn ọ̀sán bá mú yàrá gbóná, ibẹ̀ á gbẹ, ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì pátápátá nìyẹn. Òjò ọdún tó ń bọ̀ á tún fi kún un. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírémù, tó wò ó láti ẹ̀gbẹ́, á rí àpá kan tó dúdú ju ibi yòókù lọ, tó sì ń dán. Ojú ibẹ̀ ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú gíláàsì.

Ògiri fúnra rẹ̀ ń dá kún un. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Pópó Àgùdà, omi ò jìnnà sí ilẹ̀, búlọ́ọ̀kù àti bíríkì sì ń fà á mu lọ sókè. Ibi tí ọ̀dà bá ti ń ṣí, tí iyọ̀ funfun ń hù jáde, kì í ṣe ibi à ń gbé ìrántí kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ògiri tí òjò ń nà láti ìta àti èyí tó fara ti balùwẹ̀. Ògiri àárín ilé, tí oòrùn fèrèsé kò dé, ló dáa jù, torí oòrùn ń ṣá fọ́tò aláwọ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Kí onífírémù gé páálí kan, kó dá àárín rẹ̀ lu bíi fèrèsé, kó fi sáàárín fọ́tò àti gíláàsì. Ìnípọn páálí yẹn nìkan ti tó. Àwọn oníbàárà kan máa ń kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó ń jẹ ojú àwòrán. Ó dùn mí, nítorí àyè tóóró yẹn ni ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo iṣẹ́ fírémù. Ẹ̀yìn náà fẹ́ àyè tirẹ̀: kí wọ́n gé rọ́bà kékeré méjì lára sílípáàsì tó ti gbó, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun méjèèjì nísàlẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa gba àárín fírémù àti ògiri kọjá.

Èyí tó bá ti lẹ̀, ẹ má fà á. Bébà nìkan ló máa tẹ̀ lé ọwọ́, ojú ìyá àgbà á kù sára gíláàsì. Ẹ má sì tètè rẹ ẹ́ sómi bí ìkòkò, torí èyí tí wọ́n fi íǹkì tẹ̀ lè ṣàn lọ. Ẹ nu gíláàsì náà mọ́, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí ẹ̀rọ tó ń ya ẹ̀dà ìwé sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n yà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ tẹ̀ jáde gbé kọ́. Ẹ jẹ́ kí ògbólógbòó fọ́tò náà àti gíláàsì rẹ̀ jọ wà níbi tó gbẹ.