Ìjókòó ló ń pe bíà: bí Oktoberfest ìlú Munich ṣe ń ṣiṣẹ́

Kò sí owó ìwọlé ní Oktoberfest, ọdún bíà tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún. Ẹni tó bá dé pápá Theresienwiese ní Munich, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ẹ̀ṣọ́ yóò wo báàgì rẹ̀ (èyí tó bá gbà ju lítà 3 lọ kò ní wọlé), ó parí. Ọ̀fẹ́ ẹnu ọ̀nà yìí ló ń tan àwọn tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ jẹ. Wọ́n á rò pé ẹni tó ti wọlé ti rí bíà mu nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àgọ́ ńlá ibẹ̀, ẹni tó bá jókòó nìkan ni wọ́n ń gbé bíà fún. Ẹni tó wà lórí ìdúró, bí owó kún àpò rẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn ni yóò máa wò.

Bí iṣẹ́ agbọ́tí ṣe rí ló fà á. Agbọ́tí kọ̀ọ̀kan ló ní tábìlì tirẹ̀ tó ń bójú tó. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ra bíà lọ́wọ́ alágọ̀ọ́, ẹni tó ń darí àgọ́, kó tó wá tà á fún àwọn tó jókòó sọ́dọ̀ rẹ̀, ìpín nínú owó tó bá pa ni èrè rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbowó lójú ẹsẹ̀ tí ife bá ti kan tábìlì, tí owó ọwọ́ sì fi yá ju káàdì lọ. Ó tọ́ kí àlejò wo obìnrin kan tó ń bọ̀ láàárín èrò, tó ki ìka bọ etí ife 10, tó gbá gbogbo wọn mọ́ àyà. Ife kan tó kún wúwo ju kìlógíráàmù 2 lọ. Ẹrù tó ju kìlógíráàmù 20 lọ nìyẹn, ó sì ń yára. Kí ẹni tó wà lójú ọ̀nà tètè yà fún un. Ẹni tó bá sì fi owó díẹ̀ lé iye tó ra ife àkọ́kọ́, kì í pẹ́ tí agbọ́tí náà fi ń padà wá wo tábìlì rẹ̀.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń rí ìjókòó? Àwọn tó bá pọ̀ máa ń gba tábìlì sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Tábìlì kan sábà máa ń gba ènìyàn 8 sí 10, owó tí wọ́n sì ń san ṣáájú ni ti oúnjẹ àti bíà tí wọn yóò jẹ, tí wọn yóò mu lọ́jọ́ náà. Àwọn alágbàtà kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ta irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ní ìlọ́po owó rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún wọn ní kọ́bọ̀, torí alágọ̀ọ́ lè kọ ohun tí wọ́n bá tà.

Fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n tètè jí, kí wọ́n lọ láàárọ̀ ló dára jù. Ìlú Munich ti pàṣẹ pé apá kan ìjókòó àgọ́ gbọ́dọ̀ ṣófo fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé. Láàárín ọ̀sẹ̀, aago 10 àárọ̀ ni bíà ń bẹ̀rẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀, aago 9. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, kó tó di ìrọ̀lẹ́, kì í ṣòro láti rí ibi fìdí lé. Sátidé ló le: àgọ́ lè kún kó tó di ọ̀sán, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù níta. Tábìlì tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ pàápàá, kí àlejò ka ìwé orí rẹ̀: bí ó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni olówó rẹ̀ ń bọ̀, ó lè jókòó títí dìgbà náà. Kó kàn bi àwọn tó bá níbẹ̀: «Ist hier noch frei?», ìyẹn ni pé ṣé àyè ṣì wà. Àwọn tí kò mọ ara wọn rí ló ń fèjìká kan èjìká lórí bẹ́ńṣì kan náà, adùn ọdún náà gan-an sì nìyẹn.

Ìgbéyàwó ló bí ọdún yìí. Ní 1810, Ludwig, àrólé ọba Bavaria, ilẹ̀ tí Munich jẹ́ olú ìlú rẹ̀, gbé Therese níyàwó, wọ́n sì sá eré ẹṣin lórí pápá tí wọ́n wá sọ lórúkọ ìyàwó. Lọ́dún 2026, Sátidé 19 Oṣù Kẹsàn-án ló máa bẹ̀rẹ̀, yóò parí ní 4 Oṣù Kẹwàá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bíà kankan kò gbọ́dọ̀ jáde títí di aago 12, tí Mẹ́yọ̀ ìlú á fi òòlù lu ẹ̀rọ tí ọtí ń gbà jáde bọ àgbá bíà àkọ́kọ́ nínú àgọ́ Schottenhamel, á sì kígbe «O'zapft is!» Àgbá ti ṣí nìyẹn.

Bíà ilé ìpọntí mẹ́fà péré ló ń wọ pápá náà: Augustiner, Hacker-Pschorr, Hofbräu, Löwenbräu, Paulaner àti Spaten. Àárín Munich ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti pọn ọ́n. Maß ni wọ́n ń pe ife, lítà kan gbáko ni, owó rẹ̀ lọ́dún 2025 sì wà láàárín Yúrò 14.50 sí 15.80. Ìlà kan wà lára ife náà tí ọtí gbọ́dọ̀ dé, kí èyí tó ń hó tó bẹ̀rẹ̀ lókè rẹ̀. Bí kò bá dé ibẹ̀, kí àlejò má tijú, kó ní kí wọ́n bu sí i. Ẹgbẹ́ kan wà ní Munich tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọjú ìjà sí bíbu ọtí kù. Bí wọ́n bá ń fi ife kanra, ìdí ife ni wọ́n ń fi kàn án, torí ibẹ̀ ló nípọn. Agbára bíà yìí tó ìdá 6 nínú 100, ó sì rọrùn lọ́fun débi pé ife kejì ló ń gbé àlejò ṣánlẹ̀. Kó jẹ ìlàjì adìẹ yíyan àti búrẹ́dì oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní Brezn kó tó kan ife kejì yẹn.

Aago 10:30 alẹ́ ni bíà ìkẹyìn ń jáde nínú ọ̀pọ̀ àgọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi ife pamọ́ sábẹ́ aṣọ: olè ni wọ́n ń kà á sí, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń yẹ ara wò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ ife lè rà á. Ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Theresienwiese máa ń há gádígádí lákòókò náà, kí àlejò fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ìlú, Hauptbahnhof, kò jìn.