Kí Ọwọ́ Tó Kan Ọ̀pá Ẹ̀yìn

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú, bí wọ́n bá ti gẹ irun tán, tí wọ́n ti da páúdà sí ọrùn, onígbàjámọ̀ á fi ọwọ́ kan gbá àgbọ̀n oníbàárà mú, á fi ìkejì di ìpàkọ́ rẹ̀, á sì yí orí náà lójijì. Á dún kó. Á tún yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á dún kó. Oníbàárà á mí kanlẹ̀, á ní ara òun ti fúyẹ́, á sanwó, á sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kò sẹ́ni tó bi í bóyá apá rẹ̀ ń kú lóru. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá gbọ́ pé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní chiropractic, tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀yìn àti ọrùn, kó tó dún ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ló máa ń wá sí i lọ́kàn.

Ariwo yẹn kọ́ ni iṣẹ́ náà. Ohun tó ya chiropractor sọ́tọ̀ sí ẹni tó kàn ń yí ọrùn kiri ni ìbéèrè tó máa ń ṣíwájú ọwọ́ rẹ̀, àti pé ó mọ ara tí kò yẹ kí ọwọ́ kàn rárá. Kì í ṣe atoeegun náà. Atoeegun ló ń to eegun tó ṣẹ́; chiropractor kì í fọwọ́ kan eegun tó ṣẹ́.

Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú orúkọ iṣẹ́ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju iṣẹ́ tí a fi ọwọ́ ṣe lọ. Daniel David Palmer ló dá a sílẹ̀ ní 1895 ní Davenport, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà. Ẹni àkọ́kọ́ tó tọ́jú ni Harvey Lillard, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń tún ilé tí Palmer ń lò ṣe, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa. Palmer ní òun tẹ eegun kan ní ẹ̀yìn rẹ̀, etí náà sì là. Láti ibẹ̀ ló ti gbà pé eegun ẹ̀yìn tó yẹ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn ọmọ aráyé. Ìwádìí ìṣègùn kò rí ẹ̀rí tó ti ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn. Ohun tí ẹ̀rí wà fún kéré sí i, ṣùgbọ́n ó wúlò: ẹ̀yìn ríro, ọrùn tó gan, àti irú orí fífọ́ kan tó ń ti ọrùn wá. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní December 2023 lórí ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́ lára, fífi ọwọ́ tọ́jú oríkèé ẹ̀yìn wà lára ohun tí a lè ṣe, pẹ̀lú eré ìdárayá àti kíkọ́ aláìsàn bí yóò ṣe máa tọ́jú ara rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun máa fi títẹ ẹ̀yìn wo ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìrọ́mọbí, kí aláìsàn wọ bàtà rẹ̀, kó máa lọ.

Ìkòròdú kún fún ẹ̀yìn tó ń ṣiṣẹ́ kára. Àwọn tó ń wa yanrìn létí ọ̀sà wà níbẹ̀, àwọn alábàárù ọjà wà níbẹ̀, télọ̀ tó tẹ̀ sórí máṣíìnì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ wà níbẹ̀, àti àwọn tó ń há sínú ọkọ̀ lọ sí Mile 12 kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro, ẹnìkan á ní làkúrègbé ni, ẹlòmíràn á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n á sì pe alágbo. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú ẹ̀yìn ríro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6, bí ènìyàn kò bá ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì lọ gbọnrangandan, tó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ, tàbí tó ń lọ tó ń bọ̀, ló tó gbé wá.

Ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́ eegun 24 tó ń mì, tí wọ́n tò lé ara wọn: 7 ní ọrùn, 12 níbi tí eegun ìhà ti so mọ́ ọn, 5 ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, kó tó kan eegun ìdí. Ohun kan bíi tìmùtìmù wà láàárín èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí apá àti ẹsẹ̀ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn jáde. Ibi tí eegun méjì ti pàdé ní ẹ̀yìn, oríkèé ni. Oríkèé tó bá gan ni chiropractor ń wá.

Ká mú ìyá kan tó ń ta gààrí ní ọjà Sábó. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro ó, ìrora náà sì ń já wá sí ìdí àti itan òsì. Kí ẹnikẹ́ni tó ní kó dùbúlẹ̀, ó yẹ kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n bi í léèrè dáadáa. “Mà, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ gbé nǹkan ni, àbí ẹ kàn jí bá a? Ṣé ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn lóru? Tẹ́ ẹ bá wúkọ́, ṣé ó máa ń ta dé ẹsẹ̀?” Wọ́n á bi í nípa iṣẹ́ abẹ tó ti ṣe rí, nípa oyún, nípa oògùn tó ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kó dárúkọ àgbo tó ń mu pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń fi èyí pamọ́ nítorí ìtìjú, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn yẹn gan-an ló lè gba ẹ̀mí ènìyàn là.

Àyẹ̀wò ló kàn. Wọ́n á wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní kó tẹ̀ síwájú, kó tẹ̀ sẹ́yìn, kó fi gìgísẹ̀ nìkan rìn, kó fi ìka ẹsẹ̀ nìkan rìn. Wọ́n á fi òòlù rọ́bà kékeré gbá ìsàlẹ̀ orúnkún, wọ́n á wò ó bóyá ẹsẹ̀ náà ta. “Ẹ tú ara yín sílẹ̀, mà, kí n bá yín gbé ẹsẹ̀ yìí.” Orí tábìlì ni wọ́n ti máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ láìká orúnkún. Bí ìrora bá ta bí iná láti ìdí kọjá orúnkún, ó ṣeé ṣe kí nǹkan máa tẹ iṣan ńlá tó gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kó gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Bí ti ọ̀tún bá dúró gírí tí ti òsì ń rọ, chiropractor ti mọ iṣan tí yóò fura sí, èyí tó jáde ní ìsàlẹ̀ eegun karùn-ún ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ìka kan ṣoṣo ló sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò ẹ́sírè lẹ́yìn èyí, ẹni tó bá sì ní kí gbogbo aláìsàn lọ ya ẹ́sírè kó tó bá wọn sọ̀rọ̀, ó yẹ ká bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀.

Ẹ̀yìn kan wà tí kò yẹ kí ọwọ́ kàn. Bí ìtọ̀ kò bá ṣeé mú mọ́ra mọ́ tàbí tó kọ̀ tí kò jáde, bí ìgbẹ́ bá ń yọ́ jáde láìmọ̀, bí ibi tí ènìyàn fi ń jókòó sórí ọ̀kadà bá kú tí kò mọ nǹkan kan lára mọ́, ọ̀rọ̀ ti di ti ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òru. Iṣan tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń há, bí wọ́n bá sì fi falẹ̀, ó lè má padà sípò mọ́. Ẹ̀yìn ríro tó bá ibà rìn, tí ara ń rù, tí òógùn ń bo ènìyàn lóru, lè jẹ́ ikọ́ ife, nítorí ikọ́ ife kì í mọ sínú ẹ̀dọ̀fóró nìkan, ó máa ń wọ eegun ẹ̀yìn. Bàbá tó ti dàgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro láìdáwọ́ dúró, tí kò sì rọlẹ̀ bó bá dùbúlẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò próstéètì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, torí jẹjẹrẹ ibẹ̀ máa ń bá eegun ẹ̀yìn jà. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà láìpẹ́, ẹni tí eegun rẹ̀ ti di bí igi tí ikán jẹ nítorí ọjọ́ orí, ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ìrora eegun gbé dè, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Chiropractor tó mọṣẹ́ máa ń kọ lẹ́tà fún irú wọn láti gbé lọ bá dókítà. Bí wọ́n bá ní kí ènìyàn máa lọ láìtẹ̀ ẹ́ rárá, kó má rò pé owó òun ṣòfò.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò séwu, tábìlì ló kàn, èyí tó níhò níbi tí ojú máa wọ̀ bí ènìyàn bá dojú bolẹ̀. Aṣọ tó dẹ̀ ló yẹ kí obìnrin wọ̀ wá, kó yọ yẹtí àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹnìkan dúró ti òun. Fún ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n sábà máa ń ní kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó ká ẹsẹ̀ òkè, kí wọ́n tó tì í lẹ́ẹ̀kan, kíákíá, láìjìnnà. Ó lè dún, ó lè má dún. Bó bá dún, kì í ṣe eegun ló padà sí àyè rẹ̀. Ní 2015, àwọn olùwádìí Yunifásítì Alberta ní Kánádà fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo oríkèé ìka nígbà tó ń dún, wọ́n sì rí àyè afẹ́fẹ́ tó ṣí lójijì nínú omi oríkèé náà. Ìdí nìyí tí oríkèé tó ti dún kì í tún dún títí bí ogún ìṣẹ́jú.

Ti ọrùn gba ìṣọ́ra ju ti ẹ̀yìn lọ. Òpó ẹ̀jẹ̀ méjì ló gba inú eegun ọrùn gòkè lọ sí ọpọlọ. Bí ara òpó náà bá ya, ẹ̀jẹ̀ lè dì níbẹ̀, kó sì fa àrùn rọpárọsẹ̀. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan lẹ́yìn yíyí ọrùn. Ẹni tí ọrùn tàbí orí rẹ̀ ṣàdédé ń fọ́ lọ́nà tí kò rí rí, tí òòyì ń kọ́, tí ojú ń rí nǹkan méjì-méjì, tí ahọ́n wúwo, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ọrùn òun, ọsibítù ni kó sáré lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ sì le náà lè sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí ọrùn mi.” Ọ̀nà pẹ̀lẹ́ mìíràn wà, ó sì yẹ kí chiropractor gbà láìjanpata. Onígbàjámọ̀ ní tiẹ̀, irun ni kó gẹ̀ mọ.

Lọ́jọ́ kejì, ara lè máa ro bí ẹni tó ro oko lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Ọjọ́ kan sí méjì ni, á lọ. Bó bá le sí i, tàbí tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kí ènìyàn padà sọ fún wọn. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ó yẹ kí wọ́n tún ara yẹ̀ wò. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan, kí wọ́n yí ìtọ́jú padà tàbí kí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Ẹni tó bá ń gba owó àbẹ̀wò ọdún kan lọ́wọ́ aláìsàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ènìyàn bẹ̀rù rẹ̀.

Àwọn chiropractor kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Òkè òkun tàbí Gúúsù Áfíríkà, níbi tí Yunifásítì Johannesburg àti Durban University of Technology ti ń kọ́ni níṣẹ́ náà, ni a ti ń rí ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbà, ọdún mẹ́rin ó kéré tán ni ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ. Nílé, Medical Rehabilitation Therapists Board, tí òfin 1988 dá sílẹ̀, ló ń forúkọ wọn sílẹ̀. Kí ènìyàn bèèrè ìwé ẹ̀rí àti ìforúkọsílẹ̀ kò jẹ́ ìwọ̀sí. Ẹni tí kò bá lè rìn jìnnà ní Ìkòròdú lè bèèrè físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú ara tó ń ro, ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ọn. Púpọ̀ nínú físíò náà mọ oríkèé ẹ̀yìn tọ́jú, èrè ìtọ́jú méjèèjì lórí ẹ̀yìn ríro kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ìyá onígààrí náà ṣì máa padà sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́la. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń bà jẹ́. Ilẹ̀ ni àpò gààrí wà, bí ẹnìkan bá sì ti ra kọ́ńgò kan, á tẹ̀ ba, á bù ú, á nàró, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ìbéèrè tó kẹ́yìn tí chiropractor tó gbọ́n máa ń bi irú rẹ̀ ni bóyá bẹ́ǹṣì wà ní ìsọ̀, kí wọ́n gbé ọpọ́n gààrí sórí rẹ̀, kó ga dé ìbàdí.