Omi mítà mẹ́ta: irú fishfinder wo ló yẹ ọkọ̀ tó ń pẹja ní Ẹ̀pẹ́?

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti tọ́jú owó, ó fẹ́ ra fishfinder, ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wá ẹja nínú omi, sínú ọkọ̀ fáíbà rẹ̀, èyí tó fi máa ń lọ ju ìwọ̀ lórí Ọ̀sà Lẹ́kkì lópin ọ̀sẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tà á ní tòun ń ríran dé mítà 300 nísàlẹ̀ omi, òmíràn ní tòun ń dé 700. Orí ẹ̀ ti dàrú. Mo kọ ohun tó bi mí àti èsì mi síbí, torí ó dá mi lójú pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú.

Ẹ̀gbọ́n, ṣebí èyí tó bá ríran jìnnà jù ló dáa jù?

Rárá o. Ọ̀sà Lẹ́kkì fẹ̀ lóòótọ́, ó tó kìlómítà onígun mẹ́rin 247, àmọ́ ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ kò ju mítà 6.4 lọ. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò tilẹ̀ tó mítà 3. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ ń kan ilẹ̀ níbẹ̀. Kí èèyàn wá gbé ẹ̀rọ mítà 700 lọ síbẹ̀, ó dà bí ẹni tó ra okùn kànga láti fi bu omi nínú àmù. Orí òkun ni ẹ̀rọ yìí ti ṣẹ̀ wá: Furuno ti Japan bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn apẹja lọ́dún 1948. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì fi ń fi jíjìn polówó rẹ̀.

Kí wá ni kí n máa wò?

Bí ibi tó ń rí nísàlẹ̀ omi ṣe fẹ̀ tó. Jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kiní dúdú tó ń wà nínú omi, tí wọ́n ń pè ní transducer, ń ta ohùn sísàlẹ̀. Nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, ohùn yẹn ń sáré bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá kan nǹkan, á padà, ẹ̀rọ á wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó dé, á sì mọ ibi tí nǹkan ọ̀hún wà. O mọ àpò funfun tó dà bíi bàlúùn, tí o máa ń bá nínú epìyà bó o bá ń la inú ẹ̀? Afẹ́fẹ́ ló wà nínú ẹ̀, òun gan-an ló ń dá ohùn padà jù lára ẹja.

Àmọ́ bí iná tọ́ọ̀ṣì ni ohùn náà rí: ibi tó ti ń jáde kéré, bó ṣe ń lọ ló ń fẹ̀. Bí transducer bá ń lo 200 kHz (kHz ni wọ́n fi ń ka bí ohùn ṣe ń gbọ̀n kíákíá tó), tí ìṣí ojú rẹ̀ jẹ́ dígíríì 20, ibi tó ń rí nísàlẹ̀ omi mítà 3 kò ju mítà kan lọ ní fífẹ̀. Agbòòrùn kan tá a ṣí ni! Èyí tí ìṣí ojú tiẹ̀ bá jẹ́ dígíríì 60 á rí bíi mítà mẹ́ta àbọ̀. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn.

Ohun míì tún wà níbẹ̀. Nínú omi tí kò jìn, ẹja ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ, wọ́n ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó o tó dé orí wọn. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lò ń wò, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni ẹja wà. Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún un pé bí owó rẹ̀ bá ká ohun kan ṣoṣo, kó ra èyí tó ń wo ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n ń pè ní side imaging. 455 kHz tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń lò fún un. Omi iyọ̀ máa ń tètè gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ mì, àmọ́ nínú omi tí kò níyọ̀ ó ń lọ jìnnà dáadáa.

Mo rí èyí tó ń ya àwòrán ẹja sójú sikíríìnì. Ìyẹn ò dáa ni?

Pa á. Ẹ̀rọ ò mọ ẹja, ohùn tó padà ló mọ̀. Ojúoró ní í lékè omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ń rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ̀rọ á sì ya ẹja sí i fún ọ. Àrọ̀ ní tiẹ̀ fẹ́ràn àtimáa fara mọ́ ilẹ̀ odò, ohùn tara rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀, ẹ̀rọ ò ní ya ohunkóhun. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ilẹ̀ dípò ìyẹn. Bí ilẹ̀ bá le, bíi iyanrìn, ìlà rẹ̀ á mọ́lẹ̀ kedere, nígbà míì wàá tún rí ilẹ̀ kejì nísàlẹ̀ rẹ̀ ní ìlọ́po méjì jíjìn, torí ohùn ti lọ, ó ti bọ̀, ó tún ti lọ. Ẹrẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí iyanrìn ti pàdé ẹrẹ̀ ni kó o ju ìwọ̀ sí.

Má sì gbàgbé: ọwọ́ ọ̀tún sikíríìnì ni ìsinsìnyí. Gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ òsì, ọkọ̀ rẹ ti kọjá rẹ̀.

Ṣé mo lè lẹ transducer mọ́ inú ọkọ̀, kí n má baà lu ú?

Fáíbà tí kò ní fóòmù láàárín ń jẹ́ kí ohùn tó ń lọ sísàlẹ̀ kọjá. Pákó kì í jẹ́. Side imaging kò sì ní kọjá nínú èyíkéyìí, nítorí náà ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa wà, bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sí fáànù ẹ́ńjìnnì, torí hóhò tó ń jáde níbẹ̀ ń fọ́ ojú ẹ̀rọ.

Máàpù ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn, máàpù adágún Amẹ́ríkà ló wà nínú wọn. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Wá èyí tó lè máa ya máàpù tìrẹ bó o ṣe ń wakọ̀ lọ: Garmin, Humminbird àti Lowrance ní irú ẹ̀.

Bátìrì?

Fólítì 12, kó dá dúró, má so ó mọ́ ti ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ̀rọ bá ń jẹ ampere kan, bátìrì 7 Ah (ìyẹn ampere kan fún wákàtí méje lórí ìwé) á gbé e fún bíi wákàtí mẹ́fà.

Ó kù díẹ̀ kí n sanwó.

Dúró ná. Ní kí ẹni tó ń tà á tan án, kó gbé e jáde kúrò lábẹ́ òrùlé, sínú oòrùn ọ̀sán gangan. Wọ awò dúdú tó o máa ń wọ̀ lórí omi, kó o sì yí orí díẹ̀díẹ̀. Àwọn sikíríìnì kan máa ń ṣókùnkùn pátápátá bí awò bá ti wà lójú. Èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, fi í sílẹ̀ fún un.