Ṣé Ó Wálẹ̀ Ni, Àbí Ó Ṣófo?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, obìnrin mẹ́rin ló jókòó níwájú mi ní Òkè-Ìléwó, l'Abẹ́òkúta, tí wọ́n bẹ ẹ̀bẹ̀ kan náà: "Dókítà, ẹ bá mi gbé ọmú yìí sókè, kó kún bó ṣe wà kí n tó bímọ." Ọ̀kan nínú wọn, ìyá aládìrẹ kan láti Ìtòkú, ti kó owó ọjà rẹ̀ lé ìpara kan tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp. Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi ń pa á, láàárọ̀, lálẹ́. Ìpara! Awọ tó ti fẹ̀, tí àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé ọmú dúró nínú sì ti nà, kò sí ìpara, àgbo tàbí omi gbígbóná tó máa sún un kì. Eré ìdárayá náà kò ràn án. Iṣan àyà tó wà lábẹ́ ọmú ló ń le, ọmú fúnra rẹ̀ kò ní iṣan tí ẹ fẹ́ kó le.

Ọ̀tọ̀ ni "gbé e sókè", ọ̀tọ̀ ni "kó kún". Ẹ wo àpò gàrí ní ọjà Láfẹ́ńwá. Bí wọ́n bá ti bù ú dé ìdajì, ẹnu àpò á rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ lè ká ẹnu àpò náà títí á fi bá gàrí tó kù mu, ẹ sì lè bu gàrí mìíràn sí i. Iṣẹ́ abẹ tó ń gbé ọmú sókè, àpò ló ń ká. A ó gé awọ tó pọ̀ jù dànù, a ó tún ẹran inú tò, a ó sún orí ọmú sókè. A kì í fi ohunkóhun kún un. Kódà ó lè dà bíi pé ó kéré sí i. Ìyá kan bi mí tìbínú-tìbínú pé níbo ni mo kó ìyókù lọ.

Ẹ bọ́ kọ́mú, kí ẹ dúró níwájú díńgí. Ẹ wo ìlà tí abẹ́ ọmú ti pàdé àyà. Bí orí ọmú bá ṣì ga ju ìlà yẹn lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ṣófo lásán ni, kíkún nìkan sì lè tó o. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìlà náà, tàbí tó kọjú sílẹ̀, tí ẹ bá ti sílíkóònù (àpò rírọ̀ tí a ń fi sínú ọmú kó lè kún) bọ inú rẹ̀ láìgbé e sókè, àpò tó wúwo lẹ ń so rọ̀ yẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò gbígbé sókè, tàbí méjèèjì pọ̀.

Sílíkóònù ti wà láti 1962, kì í ṣe ohun àjèjì, àmọ́ kì í ṣe ohun tó ń wà lára ẹni títí ayé. Ó lè le, ó lè bẹ́, ó lè di dandan kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rá tí a fà láti inú ikùn tàbí itan kò ní wàhálà yẹn, àmọ́ ara máa ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀ padà, bí ẹ bá sì rù, òun náà á rù.

Àpá gan-an ni ẹjọ́ mi. Gbígbé sókè kì í ṣe láìsí àpá: nígbà míì yí ibi dúdú orí ọmú ká nìkan, nígbà míì kó tún sọ̀ kalẹ̀ tààrà, nígbà míì kó tún gba abẹ́ ọmú kọjá. Awọ dúdú tiwa yìí fẹ́ràn kélọ́ìdì, àpá tó máa ń wú kọjá ojú ọgbẹ́ tó bí i. Àárín àyà, èjìká àti etí ló sì fẹ́ràn jù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí n tó wo ọmú ẹnikẹ́ni, etí ni mo kọ́kọ́ ń wò. Àwọn kan á ní, "Dókítà, etí kọ́ ló gbé mi wá." Mo mọ̀. Ibi tí wọ́n lu fún yẹtí ló máa sọ fún mi bí awọ yín ṣe ń jinná. Mo ń béèrè ojú abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo ń béèrè ti màmá yín, mo ń béèrè ti ẹ̀gbọ́n yín. Bí wọ́n bá kàn gé kélọ́ìdì dànù, ó sábà máa ń padà wá, ó sì lè tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dókítà tí kò bá bi yín léèrè nípa àpá, ẹ dìde, kí ẹ máa lọ sílé.

Ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ, kó bímọ tán ná. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú, kó fi bí oṣù mẹ́fà sílẹ̀. Ẹni tó ń mu sìgá, kó jáwọ́. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má gbà pé ọmọ tó ń mu ọmú ló ń mú un wálẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ mu ọmú rẹ̀! Oyún tó ń mú ọmú wú tó tún ń mú un rọ ló ń fà á, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti sísanra-rírù. Ẹnu ọmọ kò jẹ̀bi. Ìyàwó ilé kan já ọmọ oṣù mẹ́ta lẹ́nu ọmú nítorí ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un. Ọmú náà ṣì wálẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ "kí ọmú kún" ní ṣọ́ọ̀bù onírun àti yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Faransé ni wọ́n ti ká ilé iṣẹ́ PIP, tó ń ṣe sílíkóònù ọmú, mọ́ ọn ní 2010 pé sílíkóònù tí kì í ṣe ti ìṣègùn ni wọ́n ń lò. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òfin wọn níbẹ̀, ta ló yẹ abẹ́rẹ́ inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì wò?

Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá lóru, ibà ti dá a dùbúlẹ̀. Fítámì ni wọ́n pe ohun tí wọ́n gún un. Nígbà tí mo la ọmú òsì, ohun tó ń jáde dà bí ẹ̀kọ tó bà, gẹ́ẹ̀lì àti ọyún pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a padà wọ tíátà láti fọ̀ ọ́, a sì gé díẹ̀ nínú ẹran ọmú náà dànù. Ẹni tó gún un ti pa fóònù rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ó padà wá, ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ṣé ẹ lè bá mi gbé ìyókù sókè báyìí?" Lóru ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, kò sí àyè etí wíwò. Mo ní kó bá mi sún gèlè sẹ́yìn díẹ̀. Kélọ́ìdì tó tó àgbàdo hóró mẹ́ta wà lẹ́yìn etí méjèèjì.