Dísìkì ní "ó ti wọlé": ṣé ká gbà á gbọ́?

Lọ́dún 2018, àwọn tó ń ṣe PostgreSQL kéde pé ó ti pẹ́ tí dátábéèsì náà ti ń gbára lé ìlérí kan tí Linux kò ṣe. Ọ̀pọ̀ ló ṣì ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Kí ni fsync?
Àṣẹ tí dátábéèsì fi ń sọ fún Linux pé: "Kó ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sórí dísìkì, má dá mi lóhùn àfi tó bá débẹ̀."

Kí ló wá bàjẹ́?
Ohun tí ẹ bá kọ, inú RAM ló kọ́kọ́ ń dúró sí; Linux á wá máa kó o lọ sórí dísìkì díẹ̀díẹ̀. Bí dísìkì bá kọ̀, fsync á jábọ̀ pé kò ṣeé ṣe. PostgreSQL á tún un pè, ìyẹn á sì ní ó ti yọrí. Irọ́ ni. Linux ti sàmì sí i bí alájọ tó sàmì sí káàdì láì gbowó, nítorí náà kò rí nǹkan kan kọ mọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Checkpoint (ìgbà tí PostgreSQL ń rí i pé gbogbo àyípadà ti dé orí dísìkì) á parí, wọ́n á palẹ̀ WAL (àkọsílẹ̀ àyípadà tó fi ń tún iṣẹ́ ṣe) àtijọ́ mọ́, dátà á sì lọ ráúráú. Láti ẹ̀yà 11.2, 10.7 àti 9.6.12 (oṣù Kejì 2019), ẹ̀ẹ̀kan tí fsync bá ti kùnà, PostgreSQL á dá ara rẹ̀ dúró, á sì tún iṣẹ́ náà ṣe láti inú WAL. Ẹ má yí data_sync_retry, ètò tó ń jẹ́ kó tún fsync tó kùnà pè, sí on.

Ǹjẹ́ dísìkì fúnra rẹ̀ a máa purọ́?
Àwọn kan ń ṣe é, pàápàá olówó pọ́ọ́kú. Cache (ibi ìpamọ́ ìgbà díẹ̀) tó wà nínú wọn á dáhùn kí dátà tó dé ibi tó ń lọ. Ẹ dán an wò: dísìkì tó ń yí ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 120 ló ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fsync tó ń tẹ̀ lé ara wọn kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ ju iye yẹn lọ. Bí pg_test_fsync, irinṣẹ́ PostgreSQL tó ń wọn bí fsync ṣe yára tó, bá ní ó ṣe fsync 5,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ẹnì kan ń tàn yín. `hdparm -W 0 /dev/sda` á pa cache náà. Ìṣirò yìí kò kan SSD, dísìkì tí kì í yí. Èyí tó ní kapásítọ̀ tó ń gbé e dúró bí iná bá lọ ni kí ẹ rà.

Mo ní UPS ńkọ́?
Bí páwà inú server bá jó, tàbí ẹnì kan fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, UPS á kàn máa wòran ni.

Káàdì RAID mi (èyí tó ń so dísìkì púpọ̀ pọ̀) ní bátìrì tó ń dáàbò bo cache rẹ̀.
Bátìrì ń darúgbó. Bó bá kú, ó yẹ kí káàdì náà padà sí write-through (kó máa dúró kí dátà dé dísìkì kó tó dáhùn) fúnra rẹ̀, àfi bí ẹnì kan bá ti fi ipá mú un dúró sí write-back (kó máa dáhùn láti inú cache) torí pé ó ń yára. Bátìrì náà kò sì kan cache inú dísìkì kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa ìyẹn.

Ṣé kí n pa fsync kó lè yá?
Bó bá jẹ́ dátà tí ẹ lè dà nù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lo synchronous_commit = off: iṣẹ́ bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá tó kẹ́yìn lè sọnù, ṣùgbọ́n dátábéèsì kò ní dàrú.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ dájú?
Ẹ lo diskchecker.pl, ètò kékeré tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá dísìkì ń purọ́, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kejì. Bó bá ń kọ lọ́wọ́, ẹ fa wáyà yọ lára ògiri. Ẹ má pa á ní tìrọ̀rùn. Ẹ tan án padà, kí ẹ ní kó yẹ ohun tó kọ wò. Kí server náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kí ẹ ṣe é o.